Ohun tí ó wà nínú 720,720: ìdáhùn fún ìyá oníàdìrẹ kan ní Ìtòkú

Ìyá kan tí ó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta níbí, ni ó kọ ìbéèrè yìí ránṣẹ́ sí mi: “Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Olùkọ́ fún ọmọ mi obìnrin, tí ó wà ní SS1, ní nọ́ńbà kan, 720,720, ó ní kí ó sọ irú nọ́ńbà tí ó jẹ́ àti ohun tí ó fi yàtọ̀ sí àwọn yòókù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi fóònù wá a, ó ní nọ́ńbà 240 ni ó lè pín in láìṣẹ́kù, ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi í pé báwo ni ó ṣe dá a lójú, kò rí nǹkan sọ. Ó tún ní bí a bá fi ọ̀kan kún un, nọ́ńbà tí kò ṣeé pín rárá ni yóò dà. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé ènìyàn sì lè mọ̀ pé 240 ni láìjókòó kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan?”

Ẹ kú ọjà o, ìyá wa, ẹ sì bá mi kí akẹ́kọ̀ọ́ náà. Kí n má baà fi ìdáhùn pamọ́ sábẹ́ àlàyé, òótọ́ ni pé nọ́ńbà 240 ni ó pín 720,720 láìṣẹ́kù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò ṣìnà níbẹ̀. Èyí tí ó sọ nípa fífi ọ̀kan kún un kì í ṣe òótọ́, n ó sì fi ohun tí ó pín nọ́ńbà tuntun yẹn hàn yín kí n tó dákẹ́. Ènìyàn lè mọ méjèèjì láìka ohunkóhun lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ó bá ti lè tú nọ́ńbà náà palẹ̀ títí yóò fi kan àwọn tí kò tún ṣeé tú mọ́.

Ọ̀rọ̀ méjì ni mo fẹ́ kí a jọ fẹnu kò lé lórí ná. Bí nọ́ńbà kan bá pín òmíràn tí kò sì ṣẹ́ nǹkan kan kù, n ó máa pè é ní apín rẹ̀: 3 jẹ́ apín 12, ṣùgbọ́n 5 kì í ṣe apín 12. Nọ́ńbà tí ó ju 1 lọ, tí kò sì ní apín kankan yàtọ̀ sí 1 àti òun fúnra rẹ̀, ni àwọn ọmọ ilé-ìwé ń pè ní práìmù: 2, 3, 5, 7, 11, 13, 17, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Nọ́ńbà yòówù tí ó ju 1 lọ, bí ó ti wù kí ó tóbi tó, àkójọ práìmù kan ṣoṣo ni ó ní. Ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u láti ọ̀tún àti ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ láti òsì, àwọn práìmù kan náà ni wọn yóò bá nílẹ̀. Orí òfin yìí ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ dúró lé.

Àwọn baba wa tí wọ́n ń fi owó ẹyọ nájà kò ní í pe nọ́ńbà yìí bí a ṣe ń pè é ní ilé-ìwé. Ogójì owó ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan, àádọ́ta okùn ni ó ń di ẹgbàá, ìyẹn 2,000, ẹgbàá mẹ́wàá ni ó sì ń di ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000. Ọ̀kẹ́ mẹ́rìndínlógójì, ó lé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin, ó lé ogún, ni tiwa yìí. Bí a bá kó o sílẹ̀ lówó ẹyọ, ọ̀kẹ́ 36 ni yóò wà níbẹ̀ pẹ̀lú okùn 18 géérégé, ẹyọ kan ṣoṣo kò ní í ṣẹ́ kù tí kò rí okùn wọ̀. Èyí ti fi hàn wá pé 40 jẹ́ apín rẹ̀, kí a tó fọwọ́ kan iṣẹ́ rárá.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́: 720, lẹ́yìn náà 720. Ìkọsílẹ̀ yẹn nìkan ti tú àṣírí práìmù mẹ́ta. Mo dúró ní ìsọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ọjà Kútọ̀ lọ́jọ́ kan, ó ń fi ẹ̀rọ ìṣirò ro owó ọjà mi, mo bá ní kí ó ronú kan nọ́ńbà olójú mẹ́ta tí ó bá wù ú, kí ó sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra wọn. Ó tẹ 365365. Mo ní kí ó pín in sí 7. Ó bọ́ sí 52195, kò ṣẹ́kù. Mo ní kí ó pín èyí sí 11. Ó di 4745. “Pín in sí 13 wàyí.” Ó tẹ̀ ẹ́, 365 tí ó mú lọ́kàn ni ó yọjú padà. Ó yí ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà wò bí ẹni pé mo ti fi nǹkan pamọ́ síbẹ̀, ó sì tún fi 904904 gbìyànjú, ó tún rí 904. Kò sí idán kankan níbẹ̀. Ẹni tí ó kọ 365 lẹ́ẹ̀mejì báyìí ti kọ 365 lọ́nà ẹgbẹ̀rún, ó sì ti fi 365 kan lé e, ìyẹn ni pé 365 lọ́nà 1,001 ni ó kọ, 1,001 sì ni 7 × 11 × 13. Nọ́ńbà olójú mẹ́ta yòówù tí ènìyàn bá kọ lẹ́ẹ̀mejì, àwọn mẹ́ta wọ̀nyí ti wà nínú rẹ̀ láìpè wọ́n.

Nítorí náà, 720,720 jẹ́ 720 × 7 × 11 × 13, ó sì ku kí a tú 720. Èyí kò le. Bí ọmọ yín bá sọ 1, 2, 3, 4, 5 àti 6 di púpọ̀ mọ́ra wọn, 720 ni yóò rí. 4 jẹ́ 2 méjì, 6 jẹ́ 2 kan àti 3 kan, nítorí náà 2 mẹ́rin, 3 méjì àti 5 kan ni ó wà nínú rẹ̀. Gbogbo nọ́ńbà wa wá di:

720,720 = 2 × 2 × 2 × 2 × 3 × 3 × 5 × 7 × 11 × 13.

Ìlà kan yìí ni kí ọmọ náà kọ́kọ́ kọ sínú ìwé rẹ̀, nítorí inú rẹ̀ ni gbogbo ìyókù ti ń jáde.

Bí a ṣe ń mọ iye apín láìkà wọ́n, ẹ̀yin tí ẹ ń ta aṣọ ni ó yẹ kí ó tètè yé jù. Obìnrin kan ní ìró márùn-ún, bùbá mẹ́ta àti gèlè méjì. Ọ̀nà mélòó ni ó lè gbà múra jáde? Kò ní láti wọ gbogbo rẹ̀ wò níwájú dígí. Ìró yòówù tí ó bá mú, bùbá mẹ́ta ni ó lè bá a lọ, èyíkéyìí nínú gèlè méjèèjì sì lè wà lórí, nítorí náà 5 × 3 × 2 ni, ìyẹn ọgbọ̀n ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni apín. Ẹni tí ó bá fẹ́ to apín 720,720 jọ yóò kọ́kọ́ pinnu iye 2 tí yóò mú: ó lè má mú ìkankan, ó lè mú ọ̀kan, méjì, mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ọ̀nà márùn-ún nìyẹn. Ó lè má mú 3 rárá, tàbí kí ó mú ọ̀kan tàbí méjì, ọ̀nà mẹ́ta. Ní ti 5, ó mú un tàbí ó fi í sílẹ̀, ọ̀nà méjì. Bákan náà ni 7, 11 àti 13. 5 × 3 × 2 × 2 × 2 × 2 jẹ́ 240. Ẹni tí kò mú ohunkóhun ti mú 1, ẹni tí ó kó gbogbo rẹ̀ ti mú 720,720 fúnra rẹ̀, nítorí náà àwọn méjèèjì yìí wà nínú 240 náà.

Àwọn 240 wọ̀nyí ń rìn ní méjì méjì: 2 pẹ̀lú 360,360, 3 pẹ̀lú 240,240, 7 pẹ̀lú 102,960. Ìdìpọ̀ 120 ni wọ́n, méjì nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sì sí apín tí ó ń ṣe èkejì ara rẹ̀, nítorí 720,720 kì í ṣe nọ́ńbà tí a rí nípa sísọ nọ́ńbà kan di púpọ̀ mọ́ ara rẹ̀. 848 lọ́nà 848 kò tó o, 849 lọ́nà 849 sì jẹ́ 720,801, èyí tí ó fi 81 ju tiwa lọ. Ẹ dúró síbí díẹ̀, nítorí ibi tí ó dùn mọ́ mi jù nìyí. 81 jẹ́ 9 lọ́nà 9. Nígbà tí ohun tí ó lé bá jẹ́ irú èyí, a óò yọ 9 kúrò nínú 849, a óò tún fi 9 kún 849, àwọn méjèèjì yóò sì jẹ́ apín: 840 àti 858. Ẹ sọ wọ́n di púpọ̀ mọ́ra wọn, 720,720 ni ẹ óò rí. Pierre de Fermat, ọmọ ilẹ̀ Faransé, lo ọgbọ́n yìí láti tú àwọn nọ́ńbà ńláńlá ní nǹkan bí ọ̀rúndún mẹ́rin sẹ́yìn, nígbà tí kò sí ẹ̀rọ kankan tí yóò bá a ṣe é. Nínú gbogbo ìdìpọ̀ 120 náà, kò sí èyí tí ó súnmọ́ra tó 840 àti 858.

Ní ti ohun tí nọ́ńbà yìí wúlò fún lọ́wọ́ ènìyàn, ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ di owó àjọ. Bí ẹgbẹ́ kan bá ní ₦720,720 nílẹ̀, wọn ì báà jẹ́ ènìyàn méjì, wọn ì báà jẹ́ mẹ́rìndínlógún, iyekíye tí wọ́n bá jẹ́ láàárín méjèèjì, owó náà yóò pín dọ́gba láìsí ọ̀rọ̀ kọ́bọ̀. Méje yóò gba ₦102,960 ẹnìkọ̀ọ̀kan, mọ́kànlá yóò gba ₦65,520, mẹ́tàlá yóò gba ₦55,440, mẹ́rìndínlógún yóò gba ₦45,045. Kò sì sí nọ́ńbà tí ó kéré jù ú lọ tí ó lè ṣe èyí, bí a bá yọ òfo kúrò. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹni tí yóò pín sí 16 gbọ́dọ̀ ní 2 mẹ́rin, ẹni tí yóò pín sí 9 gbọ́dọ̀ ní 3 méjì, 5, 7, 11 àti 13 sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí a bá ti kó wọn jọ tán, 10, 12, 14, 15 àti àwọn yòókù ti rí tiwọn láìfi nǹkan kún un. Ẹ wá fi mílíọ̀nù kan, àádọ́ta ọ̀kẹ́, wé e. Mílíọ̀nù tóbi jù ú lọ, ó sì ní orúkọ láàárín ìlú, ṣùgbọ́n 2 mẹ́fà àti 5 mẹ́fà nìkan ni ó wà nínú rẹ̀, apín rẹ̀ kò ju 7 × 7, ìyẹn 49, ènìyàn mẹ́ta péré kò sì lè pín in dọ́gba.

Ẹnìkan á ní 16 náà rán òun létí ojú odù Ifá. Ó rán èmi náà létí, ṣùgbọ́n ibi ìránnilétí ni kí a fi í mọ sí. Odù 256 tí ó ti ara 16 jáde kò lè pín 720,720 láìṣẹ́kù, nítorí 2 mẹ́jọ ni ó wà nínú 256, 2 mẹ́rin péré ni ó wà nínú tiwa.

Irú nọ́ńbà wo wá ni? Ipò àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ọmọ náà kọ ni pé ó jẹ́ nọ́ńbà tí apín rẹ̀ pọ̀ ju ti gbogbo nọ́ńbà tí ó kéré sí i lọ. N ó pè é ní ọlọ́pọ̀-apín. Nínú gbogbo nọ́ńbà láti 1 títí dé 720,719, kò sí ọ̀kan tí apín rẹ̀ pé 240. Ẹni tí ó gba ipò náà ṣáájú rẹ̀ ni 665,280, tí ó ní apín 224. Ẹni tí ó sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ni 1,081,080, tí ó ní 256. Srinivasa Ramanujan, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà tí a bí ní 1887 tí ó sì kú ní 1920, ni ó gbé ọ̀rọ̀ irú àwọn nọ́ńbà yìí kalẹ̀ lẹ́kùn-únrẹ́rẹ́ nínú iṣẹ́ gígùn kan tí ó tẹ̀ jáde ní 1915, nígbà tí ó wà ní Yunifásítì Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ṣàkíyèsí bí wọ́n ṣe máa ń rí: práìmù wọn máa ń tẹ̀léra láti 2 lọ láìfo ọ̀kan, èyí tí ó kéré sì máa ń pọ̀ tó èyí tí ó tóbi tàbí kí ó pọ̀ jù ú lọ. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Bí a bá fo 13 tí a fi 17 dípò rẹ̀, apín yóò ṣì jẹ́ 240, ṣùgbọ́n nọ́ńbà náà yóò ti wú di 942,480. Bí a bá sì fi 2 méjì àti 3 mẹ́rin dípò 2 mẹ́rin àti 3 méjì, 1,621,620 ni a óò bá, lórí apín 240 kan náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ apín púpọ̀ lówó pọ́ọ́kú, òǹtajà olówó pọ́ọ́kú, ìyẹn 2, ni yóò máa yà lọ́dọ̀ jù.

Ó tún wà nínú ẹgbẹ́ kan tí ó ṣọ̀wọ́n ju ìyẹn lọ, èyí tí Ramanujan náà yà sọ́tọ̀ láàárín àwọn ọlọ́pọ̀-apín: 2, 6, 12, 60, 120, 360, 2,520, 5,040, 55,440, ẹ̀kẹwàá wọn sì ni 720,720. Kí ọmọ náà fi ẹni ìṣáájú pín ẹni tí ó tẹ̀lé e jálẹ̀jálẹ̀, yóò rí i pé práìmù kan ṣoṣo ni ó ń jáde nígbà gbogbo. 60 àti 360 tí a ń bá pàdé nínú ìṣẹ́jú aago àti nínú òbìrípo wà láàárín wọn, mi ò sì rò pé ẹnikẹ́ni nílò kí n sọ ìdí.

Ipò kejì ni ti àpapọ̀ apín. Àwọn ará Gíríìkì àtijọ́ ń pe nọ́ńbà ní pípé bí àpapọ̀ àwọn apín rẹ̀ tí ó kéré sí i bá bá a dọ́gba, bí 6 tí í ṣe 1 + 2 + 3, tàbí 28. Bí àpapọ̀ náà bá dín, aláìtó ni; bí ó bá lé, àkúnwọ́sílẹ̀ ni. 720,720 jẹ́ àkúnwọ́sílẹ̀, ènìyàn sì lè mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, nítorí nọ́ńbà yòówù tí 6 bá pín tí ó sì ju 6 lọ kò lè ṣe kí ó má kún jù: ìlàjì rẹ̀, ìdámẹ́ta rẹ̀ àti ìdámẹ́fà rẹ̀ ti pé e tán, 1 tí ó wà lẹ́yìn ti mú kí ó lé. Ti èyí wá kún kọjá àlà. Àpapọ̀ gbogbo apín rẹ̀ ni 31 × 13 × 6 × 8 × 12 × 14, nítorí 1 + 2 + 4 + 8 + 16 jẹ́ 31, 1 + 3 + 9 jẹ́ 13, 1 + 5 jẹ́ 6, bẹ́ẹ̀ títí dé 1 + 13. Ó jẹ́ 3,249,792. Bí a bá yọ òun fúnra rẹ̀ kúrò, 2,529,072 ni ó kù, èyí tí ó lé díẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta àtààbọ̀ rẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n. Ohun tí ó gbọ́ ní orísun gidi, ibi tí ó parí rẹ̀ sí ni kò tọ́. Euclid, onímọ̀ ìṣirò ará Gíríìkì àtijọ́, ní nǹkan bí ọdún 300 ṣáájú ìbí Kristi, fi hàn pé práìmù kò lópin: ẹ kó àwọn práìmù yòówù jọ, ẹ sọ wọ́n di púpọ̀ mọ́ra wọn, ẹ fi 1 kún un, kò sí ọ̀kan nínú àwọn tí ẹ kó jọ tí yóò lè pín èyí tí ẹ rí, nítorí gbogbo wọn ni yóò ṣẹ́ 1 kù. Euclid kò sọ pé nọ́ńbà náà yóò jẹ́ práìmù fúnra rẹ̀. Ohun tí ó dájú ni pé práìmù tí ó bá pín in, ìta àkójọ yẹn ni yóò ti wá. Ẹ wò ó nínú tiwa: 720,721 jẹ́ 71 × 10,151. Aládùúgbò rẹ̀ lápá kejì, 720,719, jẹ́ 31 × 67 × 347. Nínú wọn kò sí 2, kò sí 3, kò sí 5, 7, 11 tàbí 13, bí ó ṣe yẹ kí ó rí. Síbẹ̀ méjèèjì ṣeé pín. Ẹ̀gbọ́n náà lè dán 30,031 wò pẹ̀lú, èyí tí a rí nípa fífi 1 kún 2 × 3 × 5 × 7 × 11 × 13. 59 × 509 ni.

Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ wa kọ ìlà práìmù yẹn, kí ó fi ìró, bùbá àti gèlè ṣàlàyé 240, kí ó kọ ọlọ́pọ̀-apín àti àkúnwọ́sílẹ̀, kí ó sì fi kún un pé òun ni ó kéré jù lọ tí gbogbo nọ́ńbà láti 1 dé 16 lè pín. Bí olùkọ́ bá bi í pé 17 ń kọ́, kí ó dáhùn pé ó ṣẹ́ 5 kù, àti pé ẹni tí ó bá fẹ́ kí 17 náà wọlé yóò sọ gbogbo rẹ̀ di púpọ̀ mọ́ 17, yóò sì bọ́ sí 12,252,240. Bí ó bá ti dé ibẹ̀, kí ó fi 18 pín in wò, kí ó sì sọ fún yín ìdí tí 18 kò fi béèrè pé kí a fi ohunkóhun kún un.